Wọ́n fìwé ìpẹ̀jọ́ ránṣẹ́ sí mi, ẹ gbà mí o

Awakọ̀ Queens (May 2020): Ẹ̀yin ará, TLC, àjọ tó ń darí takisí ní New York, ní mo kọ èrò sílẹ̀ ní Flushing, àdúgbò tí àwọn ará Ṣáínà pọ̀ sí ní Queens. Èmi tí mo ń ra sánítáísà lówó gọbọi, tí mo fi ọ̀rá dínà sáàárín ìjókòó iwájú àti ẹ̀yìn, tí mo ń fi apakòkòrò nu ọwọ́ ilẹ̀kùn! Owó mọ́tò oṣù yìí ò tíì pé. Ẹni tí ò tiẹ̀ wọkọ̀ mi ló ń fẹjọ́ mi sùn. Kí ni kí n sọ?

Akin: Bọ̀dá, ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ tó wà lára ìwé yẹn. OATH, ilé ẹjọ́ ìlú fún irú ìwé báyìí, ló máa gbọ́ ẹjọ́, orí fóònù sì ni báyìí. Tẹ́ ẹ bá pa á tì, wọ́n á dá yín lẹ́bi láìsí yín ńbẹ̀. Ògbufọ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́. Tí kámẹ́rà bá wà nínú mọ́tò, ẹ yọ káàdì ẹ̀ lónìí, torí tuntun máa ń pa ti àtijọ́ rẹ́. Kí ló dé tẹ́ ò gbé e?

Awakọ̀ Queens: Ó wúkọ́. Mo níyàwó, mo bímọ.

Ìyá Kẹ́mi: Ṣé ó lo ìbòmú? Láti April 17 ni gómìnà ti pàṣẹ ẹ̀ fún èrò àti awakọ̀. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ṣẹ́gun: Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre! Ní Guangzhou ní Ṣáínà lóṣù tó kọjá, ṣebí wọ́n lé àwọn èèyàn wa síta?

Ìyá Kẹ́mi: Ṣẹ́gun, ṣé ará Flushing ló lé wọn? Nígbà Ebola, 2014, wọ́n lu tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tó ti Senegal wá nílé ìwé ní Bronx, wọ́n ń pè wọ́n ní Ebola. Kí ló yàtọ̀?

Awakọ̀ Queens: Ìbòmú wà nímú ẹ̀. Ká sòótọ́, mi ò gbọ́ ikọ́. Mo rí ojú ẹ̀, mo sọ gíláàsì kalẹ̀ díẹ̀, mo ní kó gbé Kòrónà ẹ̀ padà sí Ṣáínà, mo bá wa mọ́tò lọ. Òyìnbó tí mo gbé lẹ́yìn ẹ̀ ló wúkọ́ títí dé Manhattan.

Ìyá Kẹ́mi: O ò rí i! Àwọn olùṣèwádìí ilé ìwòsàn Mount Sinai ti yẹ kòkòrò Kòrónà tó wà ní New York wò: Yúróòpù lèyí tó pọ̀ jù ti wọlé.

Akin: Háà. Ẹ má dárúkọ ikọ́ níwájú adájọ́ o, kámẹ́rà ń gba ohùn. Ẹ rí lọ́yà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí nǹkan kan, torí ẹni yẹn ṣì lè gbé yín lọ sí àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ìlú. Ọdún 1 gbáko ló ní. Ẹ má sì wá a lọ láti bẹ̀ ẹ́, ìhàlẹ̀ ni wọ́n máa pè é.

Awakọ̀ Queens: Tí mo bá wá nu káàdì kámẹ́rà yẹn ńkọ́?

Akin: Bọ̀dá, gbogbo gúrúùpù lẹ bi yẹn o.