Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo ni mo ṣe lè ka mechanics of materials kó yé mi?

Akẹ́kọ̀ọ́_Ọdún_Kejì
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín o. Civil engineering ni mò ń kà. Mo ti yege nínú statics (ẹ̀kọ́ nípa ipá lára ohun tó dúró jẹ́ẹ́), mechanics of materials, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa bí irin, pákó àti kọnkéré ṣe ń fara da ẹrù, ló wá kàn báyìí. Bí mo bá ń wo ìṣirò tí wọ́n ti ṣe sínú ìwé, gbogbo rẹ̀ ló máa ń yé mi. Kí n pa ìwé dé, kí n mú ìbéèrè mìíràn, mi ò ní mọ ibi tí n ó ti mú un. Stress (ipá lórí ìwọ̀n ojú kan), strain (bí nǹkan ṣe nà sí gígùn rẹ̀), torsion (lílọ́), Mohr's circle (òbìrìkìtì tó ń fi bí stress ṣe ń yí padà hàn bí igun bá yí), ọ̀kan ò tíì wọlé tí òmíràn fi ń kan ilẹ̀kùn. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọ̀pá_Irin
Àbúrò, padà sídìí statics ná. Ọ̀tọ̀ ni kéèyàn yege, ọ̀tọ̀ ni kó mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ráhùn pé bending stress (stress tí títẹ̀ ń fà) le, free body diagram (àwòrán nǹkan kan pẹ̀lú gbogbo ipá tó wà lára rẹ̀) ni kò dá wọn lójú. Ya bíìmù kan, gé e níbi tó bá wù ọ́, sọ apá kan nù, kí o wá kọ ipá tó gbọ́dọ̀ wà lójú ibi tí o gé kí apá tó kù má baà ṣubú tàbí kó yí. Gbogbo ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé nìyẹn. Lẹ́yìn náà, máa ya shear force diagram (àwòrán ipá tó fẹ́ gé bíìmù níbi kọ̀ọ̀kan) àti bending moment diagram (àwòrán agbára tó ń tẹ̀ ẹ́) títí ọwọ́ rẹ yóò fi mọ́ ọn. Ibi tí shear force bá ti gba orí òdo kọjá, ibẹ̀ ni kí o ti wá bending moment tó ga jù. Fọ́múlà lè dúró ná.

Ìyá_Afárá
Ẹ̀gbọ́n Ọ̀pá_Irin, mo gbà fún yín nípa gígé, ṣùgbọ́n mi ò gbà kó fi fọ́múlà sílẹ̀. Àwọn tó ṣe kókó kò ju ìka ọwọ́ kan lọ: P/A (stress fífà), PL/AE (bí ọ̀pá ṣe ń gùn sí i), Tr/J (stress lílọ́), My/I (stress títẹ̀) àti VQ/It (stress shear inú bíìmù). Ohun tó yẹ kó mọ̀ nípa wọn ni ìgbà tí wọn kì í ṣiṣẹ́. Ọ̀pá róbótó ni Tr/J wà fún. Lò ó fún ọ̀pá onígun mẹ́rin, nọ́ńbà kan á jáde, irọ́ sì ni nọ́ńbà náà.

Àbúrò mi, máa fi Newton àti mìlímítà ṣiṣẹ́, torí pé 1 N/mm² ni 1 MPa. Wo ọ̀pá irin tí ìdábùú rẹ̀ jẹ́ 20 mm, tí a fi 50 kN fà. Ojú rẹ̀ tó nǹkan bí 314 mm², stress rẹ̀ sì jẹ́ 159 MPa. Mild steel kì í sábà yield (kó nà kó má lè padà sípò mọ́) títí yóò fi dé nǹkan bí 250 MPa, nítorí náà kò séwu. Bí ọ̀pá náà bá gùn ní mítà 2, tí E rẹ̀ (bí ohun èlò náà ṣe tako nínà tó) jẹ́ 200 GPa, yóò fi nǹkan bí 1.6 mm gùn sí i. Bí tìrẹ bá já sí mítà 1.6, o ti mọ̀ pé ìwọ̀n ló dàrú. Há àwọn E yìí sórí: irin 200 GPa, aluminium 70, kọnkéré bíi 25 sí 30.

Solution manual ńkọ́? Má ṣí i kí o tó kọ ìdáhùn tìrẹ parí, kódà bí o bá mọ̀ pé kò tọ̀nà.

Ṣọ́ọ̀kì_Lọ́wọ́
Èmi o, ọwọ́ ni kó fi kọ́ ọ. Mú ṣọ́ọ̀kì kan, lọ́ ọ títí yóò fi ṣẹ́. Wo ojú ibi tó ti ṣẹ́: yóò dagun ní nǹkan bí 45°. Bí ó bá ṣe mild steel ni wọ́n lọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀rọ, ní ìdábùú ló máa já, ojú rẹ̀ á tẹ́jú. Kí ló fà á? Ṣọ́ọ̀kì kì í fara da fífà, irin ní tirẹ̀, shear ló ń kọ́kọ́ ṣẹ́gun rẹ̀. Wá ya Mohr's circle fún ọ̀pá tí wọ́n ń lọ́. Wàá rí i pé láti ibi shear tó ga jù dé ibi fífà tó ga jù, 90° ni lórí òbìrìkìtì náà, ìyẹn 45° nínú ọ̀pá gan-an, torí pé igun orí òbìrìkìtì ìlọ́po méjì ni. Ọdún 1882 ni Otto Mohr gbé e jáde, kò sì sí lẹ́kítọ̀ tó lè ṣàlàyé rẹ̀ tó ṣọ́ọ̀kì yẹn.

Rúlà tín-ínrín náà ńkọ́? Tẹ orí àti ìdí rẹ̀ pọ̀, yóò yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó fọ́. Buckling nìyẹn. Gígùn rẹ̀ bá dín sí ìdajì, ẹrù tó lè yẹ̀ ẹ́ á di ìlọ́po mẹ́rin.

Àgbà_Sáìtì
Ẹ ṣé o. Kọnkéré ni èmi yóò fi kún un, torí civil ló ń kà. Agbára rẹ̀ láti fara da fífà kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́wàá agbára tó fi ń fara da fífún pọ̀ lọ. Nítorí náà, kí o tó ṣírò ohunkóhun, ya bí bíìmù náà yóò ṣe tẹ̀, kí o mọ ẹ̀gbẹ́ tó ń nà. Ibẹ̀ ni irin ń lọ. Bíìmù tó jókòó lórí òpó méjì, ìsàlẹ̀ ni. Cantilever (bíìmù tí wọ́n dè ní ìdí kan ṣoṣo), òkè ni.

Má jẹ́ kí neutral axis (ìlà inú bíìmù tí kò nà, tí kò sì fún pọ̀) kó ìtìjú bá ọ. Nígbà tí Galileo ń ṣàlàyé cantilever ní 1638, ó gbà pé gbogbo ojú bíìmù náà ló ń nà, ó fi ibi ìyípo rẹ̀ sí etí ìsàlẹ̀; òun náà ṣì í.

Ṣe èyí wò: pákó 100 mm sí 200 mm gùn ní mítà 4 láàárín òpó méjì, ẹrù 10 kN wà láàárín rẹ̀ gan-an. Gbé e nàró (kí 200 mm wà lóròó), lẹ́yìn náà fi í lélẹ̀ pẹrẹsẹ. Kí ni yóò yí padà?

Akẹ́kọ̀ọ́_Ọdún_Kejì
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Bending moment jẹ́ 10 kNm. Nígbà tó nàró, stress jẹ́ 15 MPa; nígbà tó wà pẹrẹsẹ, 30 MPa. Mo rò pé títẹ̀ rẹ̀ náà á di ìlọ́po méjì.

Àgbà_Sáìtì
Stress tọ̀nà. Títẹ̀ ni kò tọ̀nà. Kò sí y (jíjìn láti neutral axis dé etí) nínú PL³/48EI tí a fi ń ṣírò títẹ̀, I (bí ìrísí ojú bíìmù ṣe tako títẹ̀ tó) nìkan ló wà níbẹ̀, I sì ti já sí ìdá mẹ́rin. Fi E pákó sí 10 GPa: 20 mm ló máa tẹ̀ bó bá nàró, 80 mm bó bá wà pẹrẹsẹ.