Ayàwòrán ilé l'Abuja: ṣé oyè ọ̀mọ̀wé ni, àbí ẹ̀ka kan pàtó?

Ọmọ Gwarinpa: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo gba oyè másítà nínú ìmọ̀ àwòrán ilé yíyà ní Zaria, mo sì wà lábẹ́ ọ̀gá kan ní Abuja, níbi tí mo ti ń kó ìrírí ọdún méjì jọ kí n tó ṣe ìdánwò ARCON, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn ayàwòrán ilé sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ti forúkọ sílẹ̀ fún oyè ọ̀mọ̀wé. Àwọn mìíràn ní kí n gbájú mọ́ ẹ̀ka kan pàtó nínú iṣẹ́ yìí. Èwo ni yóò ran ẹni tó fẹ́ dá ọ́fíìsì tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ jù?

Bàbá Kubwa: Àbúrò, kọ́kọ́ yege nínú ìdánwò yẹn. Oyè másítà tí o gbà kì í ṣe ọ̀ṣọ́, nítorí oyè kìn-ín-ní nìkan kò tó láti fi di ayàwòrán ilé tí òfin mọ̀ ní Nàìjíríà. Bí o bá gbé àwòrán lọ fún àṣẹ ìkọ́lé, òǹtẹ̀ ARCON ni wọn yóò wá lórí rẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò béèrè oyè ọ̀mọ̀wé. Ẹni tó fẹ́ di olùkọ́ àgbà ní yunifásítì ni ìyẹn pọn dandan fún.

Ìyá Ìbejì, Kàdúná: Òótọ́ ni Bàbá sọ, ṣùgbọ́n mo fara mọ́ ẹ̀ka, irú bíi yíya ilé tí kì í jẹ iná púpọ̀, pàápàá ní àríwá níbi tí ooru ti ń jẹ owó onílé. Kí ojú ilé tó gùn kọ sí àríwá àti gúúsù, kí ògiri ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn sì kúrú, gbogbo wa la kọ́ ọ níléèwé. Síbẹ̀, ẹ wo àwọn ilé onígíláàsì tí a ń kọ́, tí jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ amúlétutù ń gbé ró. Ìwé ẹ̀rí EDGE fún ilé tí kì í fi nǹkan ṣòfò, tí IFC, ẹ̀ka Báńkì Àgbáyé tó ń náwó sí iṣẹ́ aládàáni, dá sílẹ̀, ń fẹ́ kí ilé dín iná, omi àti ipa tí ṣíṣe ohun èlò ìkọ́lé ń ní lórí àyíká kù, ó kéré tán ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó mọ ìṣirò yìí ní ohun tí yóò fi han oníbàárà, kò sì ní gba àkókò tó oyè ọ̀mọ̀wé.

Ará Lugbe: Ẹ má jẹ́ kó rò pé ẹ̀ka nìkan ni yóò mú oníbàárà wá o. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé gbígbé yóò béèrè ilé tí o ti kọ́, yóò sì fẹ́ lọ wò ó. Ibi tí oyè gíga ti ń wúlò fún ọ́fíìsì ni àwọn iṣẹ́ tí Báńkì Àgbáyé ń náwó sí, torí wọ́n máa ń fún oyè àti ìrírí àwọn òṣìṣẹ́ pàtàkì ní máàkì. Irú iṣẹ́ wo ló pọ̀ jù lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ báyìí?