Kíláàsì tortilla àgbàdo ní Oaxaca: èwo ni kí n yàn?

Mojí_Arìnrìnàjò
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mò ń lọ sí Oaxaca ní Mẹ́síkò nínú oṣù kejì, mo sì fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe tortilla, búrẹ́dì àgbàdo pẹlẹbẹ wọn, láti orí àgbàdo gbígbẹ, kì í ṣe láti inú ìyẹ̀fun àpò. Kíláàsì tí wọ́n ń polówó fún àlejò jẹ́ wákàtí mẹ́rin. Ṣé ó tó? Kí ló yẹ kí n béèrè kí n tó sanwó, kí n má baà di ẹrù lé àwọn ará ibẹ̀ lórí?

Alágbàdo
Kò tó, bí ẹ bá fẹ́ rí i láti ìpìlẹ̀. Àgbàdo náà gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú nínú omi rẹ̀. Ẹ béèrè pé: ta ló máa sè é, ìgbà wo ló sì máa sè é? Alásè tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ yọjú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni kí ẹ mú. Èyí tó ti lọ̀ ọ́ sílẹ̀ dè yín á kọ́ yín ní títẹ̀ àti yíyan, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó le jù ti parí kí ẹ tó dé.

Ìwọ̀n rẹ̀: àgbàdo kílò 1, omi lítà 3, cal gíráàmù 10. Cal ni ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń rí lára òkúta ẹfun tí wọ́n sun, tí wọ́n sì fi omi pa. Òun ló ń tú èèpo, òun ló ń jẹ́ kí àgbàdo lílọ̀ dì mọ́ra, òun náà ló ń tú fítámì B3 inú àgbàdo sílẹ̀ kí ara lè rí i lò. Ẹ pò ó mọ́ omi ná kí ẹ tó da àgbàdo sí i, ẹ má sì jẹ́ kó ta sí yín lójú. Ìkòkò alumíníọ̀mù kò dára, cal máa ń jẹ ẹ́.

Iná kékeré ni o, kí omi máa mì, kó má hó kùù. Tó bá ti tó ìṣẹ́jú 30, ẹ mú hóró kan, ẹ fi ìka méjì rà á. Bí èèpo bá bọ́, ẹ gé hóró náà sí méjì: àárín gbọ́dọ̀ ṣì le díẹ̀, kó sì funfun. Ẹ sọ̀ ọ́, ẹ dé e fún wákàtí 8 sí 12. Àgbàdo tó ti pẹ́ nínú àká máa ń gbà ju èyí lọ lórí iná. Bí ẹ bá sè é títí àárín fi rọ̀ pátápátá, lílọ̀ rẹ̀ á máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, kò ní ṣeé tẹ̀. Bí cal bá pọ̀ jù, á korò, á sì máa rùn bí ọṣẹ.

Ìdí_Ààrò
Òótọ́ lẹ sọ. Kí n fi ti yíyan kún un. Ìṣù gíráàmù 30 sí 35 tó fún tortilla kan. Bí etí rẹ̀ bá ń sán nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, omi kò tó; ẹ fi ọwọ́ tútù pò ó sí i. Comal, ìyẹn agbada amọ̀ pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń yan án, ẹ fi omi cal kùn ún kó má baà lẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbóná díẹ̀díẹ̀. Omi tútù lórí comal gbígbóná, ó ti là nìyẹn.

Ojú kìíní, bí ìṣẹ́jú àáyá 20, títí etí á fi gbéra. Ojú kejì, bí ìṣẹ́jú kan. Ẹ tún un yí, á wú. Tí kò bá wú: iná kò mú tó, tàbí lílọ̀ rẹ̀ kò kúnná, tàbí ẹ fi ojú kìíní pẹ́ lórí iná tó fi gbẹ.

Nípa igi ìdáná, mi ò gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé òun ló bá ìbílẹ̀ mu kí gbogbo kíláàsì máa lò ó. Gáàsì lábẹ́ comal amọ̀ ń ṣe é dáadáa. Èéfín tí alásè ń fà símú lójoojúmọ́ kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ fún àwa àlejò. Ẹ béèrè ibi tí igi ti ń wá, ẹ béèrè bóyá èéfín rí ọ̀nà jáde.

Ọmọ_Ọ̀nà
Ẹ̀ẹ̀rùn ni oṣù kejì níbẹ̀, ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń ra omi. Ẹ má bá wọn fi omi ṣòfò nígbà tí ẹ bá ń ṣan àgbàdo: ẹ̀ẹ̀mejì péré ti tó. Omi tí wọ́n fi sè é, nejayote, kún fún cal. Ẹni tó bá dà á sínú odò ń ba odò jẹ́, nítorí náà ẹ béèrè ibi tí wọ́n ń dà á sí.

Bọ́ọ̀sì ń lọ sí Oaxaca láti ibùdókọ̀ TAPO ní Mexico City, wákàtí mẹ́fà sí méje, kò sídìí fún bàálù. Takisí alájọwọ̀, colectivo, á gbé yín dé Teotitlán del Valle tàbí Tlacolula, àwọn ìlú kéékèèké tó wà nítòsí Oaxaca. Ọjọ́ Àìkú ni ọjà ńlá Tlacolula. Ẹ wá ẹni tó ń dáná nílé ara rẹ̀, tó ń ra àgbàdo ìbílẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀ àdúgbò, kí owó má baà tán lọ́wọ́ alágbàtà. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe mole negro, ọbẹ̀ dúdú aláta wọn, ẹ má fi dandan béèrè ata chilhuacle: ó ti wọ́n, ó sì gbówó lórí. Guajillo àti mulato ni ọ̀pọ̀ ilé ń lò dípò rẹ̀.

Mojí_Arìnrìnàjò
Ẹ ṣeun gan-an ni. Ṣé orí ọlọ ni wọ́n ti ń lọ̀ ọ́ ni, àbí ẹ̀rọ?

Alágbàdo
Méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ilé máa ń gbé àgbàdo lọ síbi ẹ̀rọ àdúgbò, molino, láàárọ̀, wọ́n á wá fi metate, ọlọ olókùúta tí wọ́n ń kúnlẹ̀ sí, parí rẹ̀ kó lè kúnná. Ẹ sọ fún alásè pé ẹ fẹ́ fi ọwọ́ ara yín lọ ìdajì kílò lórí ọlọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó lè fi àkókò sílẹ̀ fún un.