Ẹ̀yin ará láàbù, kí lẹ kọ́kọ́ rí nínú yàrá òkùnkùn?

ỌmọÒgbómọ̀ṣọ́_Zaria: Ẹ kú ọyẹ́ o. Ẹ̀yin tí ẹ ti lo máíkírósíkóòpù fluorescence (èyí tí a fi ń tan iná sí àwọ̀ kí àwọ̀ náà lè tàn padà nínú òkùnkùn) rí lókè Ọya níbí, ẹ sọ tiyín. Tèmi rèé: antibody (èròjà tó ń lẹ̀ mọ́ ohun tí a ń wá) tó ní FITC, àwọ̀ tó ń tàn, lára ni mo fi kun sẹ́ẹ̀lì. Mo pa iná, mo fojú sí i, àwọ̀ ewé ń tàn yòò! Mo sáré lọ pe ọ̀gá wa. Kí wọ́n tó mu tíì tán, gbogbo rẹ̀ ti ṣá bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sórí okùn.

ÌyáÌbejì_Kubwa: O ò pa ìdérí iná kí o tó jáde.

ỌmọÒgbómọ̀ṣọ́_Zaria: Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló sọ fún mi nígbà yẹn?

BàbáLáàbù_Kaduna: Ẹ̀yin ẹ gbádùn o. Ọ̀nà ìkunàwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Ziehl-Neelsen la fi ń wá kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ nígbà tiwa: òróró lórí sílàìdì, lẹ́ńsì 100, títí ọrùn á fi gan. Ìgbà tí àwọ̀ tí wọ́n ń pè ní auramine dé, lẹ́ńsì 20 tàbí 40 ti tó, ibi tójú ń rí lẹ́ẹ̀kan sì fẹ̀ sí i. Kòkòrò á máa tàn nínú òkùnkùn bíi tanátaná. Sílàìdì àkọ́kọ́, mo pariwo pé ó kún fọ́fọ́. Ọ̀gá wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín: "Èyí tó rí bí ọ̀pá tín-ín-rín ni kòkòrò. Róbótó róbótó wọ̀nyí, àwọ̀ tí o ò ṣàn dáadáa ni."

Ṣóńṣó: Iná ilé la ò tíì rí, ẹ ń sọ ti sẹ́ẹ̀lì 😂

Aríwáyò: Bàbá, ẹ má bínú, ṣé kòkòrò yẹn ló ń dá tàn ni?

BàbáLáàbù_Kaduna: Rárá o. Auramine ló ń tàn. Iná búlúù wọ inú rẹ̀, yẹ́lò tó fara pẹ́ ewé ló ń bá jáde.

ÌyáÌbejì_Kubwa: Nígbà náà ẹ má fi wé tanátaná. Tanátaná ò dúró de iná ẹnikẹ́ni.

BàbáLáàbù_Kaduna: Ìyá Ìbejì, bó ṣe rí lójú ni mo wí o!

Aríwáyò: GFP, purotéènì tó ń tàn bí àwọ̀ ewé, ńkọ́? Ara ẹran òkun jellyfish ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Shimomura ti rí i, òun, Chalfie àti Tsien sì gba Nobel 2008.

ÌyáÌbejì_Kubwa: Ìyẹn náà, ìwọ tan iná sí i ná.

Aláwọ̀_Sokoto: Ooru lẹ ò sọ. Oṣù kẹrin, yàrá tí kò ní fèrèsé, aṣọ dúdú lẹ́nu ọ̀nà. Òógùn ń kán sórí ibi tí mo ń fojú wò. Mẹ́gádì wa fọwọ́ lé àyà, ó ní irú àdúrà wo la ń gbà níbẹ̀ gan-an.

Ṣóńṣó: Àdúrà kí iná má lọ.

Adé_Kano: Ẹ jẹ́ n sọ ti iná. Gílóòbù mẹ́kúrì la ní, èyí tí kì í ju wákàtí igba àti díẹ̀ lọ. Wọ́n mú iná, jẹnẹrétọ̀ gbé e, ọmọ kan tan gílóòbù padà lójú ẹsẹ̀. Kò jẹ́ kó tutù! Gbàù! Gbogbo wa dọ̀bálẹ̀.

Kékeré_Nyanya: Ọ̀gá Adé… èmi ni ọmọ yẹn o. Ẹ kò sọ fún mi pé kí n dúró tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ó tutù.

Adé_Kano: Ó wà lára ẹ̀rọ níbẹ̀! Mo fi bébà lẹ̀ ẹ́!

Kékeré_Nyanya: Inú òkùnkùn la wà, sà.

Aláwọ̀_Sokoto: 😂😂 Ẹ ra LED, ẹ sinmi.

Kékeré_Nyanya: Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ta gílóòbù mẹ́kúrì ní Àbújá, ẹ jọ̀ọ́.

Adé_Kano: Ẹ má sọ fún un.