Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí ọkọ mi fi gbogbo owó ìfẹ̀yìntì ra ṣíà iléeṣẹ́ epo?

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, n kò sì fẹ́ kó di ìjà nínú ilé. Ọkọ mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Lẹ́yìn tí a san gbèsè kọpuréétìfù tán, mílíọ̀nù mẹ́fà náírà ló ṣẹ́kù. Àbúrò rẹ̀ wá láti Èkó, ó ní kó kó gbogbo rẹ̀ sínú ṣíà Seplat, iléeṣẹ́ epo ọmọ Nàìjíríà kan. Ó ní 576 náírà ni wọ́n ta ẹyọ kan nígbà tó kọ́kọ́ dé ọjà ní oṣù kẹrin 2014, pé nígbà tí 2024 fi máa parí, ó ti kọjá 5,000. Ó ní ó kù díẹ̀ kó pé ìlọ́po mẹ́wàá. Ojú ọkọ mi ti ń dán! Èmi, ilé epo ni mo mọ̀, n kò mọ kànga epo. Ọdún méjì ló sì kù fún àwọn ìbejì wa ní yunifásítì. Ṣé òótọ́ ni iléeṣẹ́ yìí dàgbà tó bẹ́ẹ̀, àbí ariwo ọjà lásán ni?

Bàbá Àlàmú:
Ẹ kú àníyàn, Ìyá Ìbejì. Iléeṣẹ́ náà dàgbà, kò sí irọ́ níbẹ̀. Iléeṣẹ́ méjì tí wọ́n jẹ́ ti ọmọ Nàìjíríà, Shebah àti Platform, ló para pọ̀ dá a sílẹ̀ ní 2009. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ra ìpín 45 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́wọ́ Shell, Total àti Agip nínú ibùdó epo mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní OML 4, 38 àti 41, ní agbègbè Ẹdó àti Delta. Báyìí ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ epo tiwa ṣe ń dàgbà: àwọn òyìnbó ń kúrò lórí ilẹ̀ lọ sínú òkun jíjìn, tiwa ń ra ohun tí wọ́n fi sílẹ̀, wọ́n sì ń fún un títí tí yóò fi ro.

Nígbà tí 2019 ń parí lọ, wọ́n ra iléeṣẹ́ epo Eland kí wọ́n lè ní ọwọ́ nínú ibùdó epo OML 40. Àmọ́ èyí tó yà mí lẹ́nu ni ti ExxonMobil. Oṣù kejì 2022 ni wọ́n fẹnu kò láti ra kànga inú omi rẹ̀ lápá Akwa Ibom. Lóṣù kẹjọ, ìjọba ní àwọn fọwọ́ sí i, kò pẹ́ rárá tí ìjọba kan náà tún ní àwọn kò fọwọ́ sí i mọ́. Oṣù kejìlá 2024 ló tó parí, ní mílíọ̀nù 800 dọ́là. Ẹja gbé ẹja tó jù ú lọ mì! Epo tí wọ́n ń fà wá di ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, Peckham:
Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Màmá, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀rọ ìṣirò. Ní oṣù kẹrin 2014, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bíi 160 náírà. Ẹ pín 576 sí 160: dọ́là mẹ́ta àti ọgọ́ta sẹ́ǹtì. Ní ìparí 2024, ṣíà náà tó 5,700, dọ́là kan sì ti ju 1,500 náírà lọ. Ẹ tún pín in. Kò tó dọ́là mẹ́ta àti ọgọ́rin sẹ́ǹtì!

Iléeṣẹ́ ló dàgbà, ṣíà kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan. Náírà ló ṣubú tí ẹni tó dúró jẹ́ẹ́ fi dà bí ẹni tó ń fò. Síbẹ̀, ẹni tó rà á lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún kò ṣìṣe o. Owó rẹ̀ kò rà, ó sì ń gba owó èrè tí wọ́n ń kéde ní dọ́là. Ẹni tó fi náírà sí báńkì láti ìgbà náà ni kó wá sunkún.

Ìyá Sikírá:
Èmi kò mọ ìṣirò bíi ti ọmọ Ẹ̀pẹ́, ṣùgbọ́n Wàrí ni mo ti ń ta oúnjẹ ní 2016. Oṣù kejì ọdún yẹn ni wọ́n fọ́ páìpù abẹ́ omi tó ń gbé epo láti èbúté Forcados lọ sínú ọkọ̀ òkun. Kó tó dìgbà náà, owó àgbá epo kan ti já wálẹ̀ kọjá 30 dọ́là. Epo wà nílẹ̀, kò sí ọ̀nà tí yóò gbà jáde! Ó ju ọdún kan lọ kí wọ́n tó ṣí i padà. Ọkọ̀ ojú omi ni Seplat fi ń kó díẹ̀díẹ̀ láti èbúté rìfáínárì Wàrí. Owó èrè dáwọ́ dúró, ó di 2018 kí wọ́n tó tún san án. Láti ara àwọn òṣìṣẹ́ kọ́ńtíráàtì tó ń jẹun lọ́dọ̀ mi ni mo ti mọ bí ọjà epo ṣe rí: ẹran mẹ́ta di ẹyọ kan, ẹyọ kan di pọ̀nmọ́, pọ̀nmọ́ di "màmá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀". Àwọn kan nínú wọn ṣì wà nínú ìwé mi dòní.

Bàbá Àlàmú:
Òótọ́ ni. Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n máa wá ọ̀nà mìíràn. Láti 2022, páìpù Amukpe sí Escravos, èbúté epo mìíràn, ti ń gbé lára epo wọn. Wọ́n sì ní gáàsì tí wọ́n ń tà fún ilé iná mànàmáná, bíi Azura ní Ẹdó, tí Forcados kò lè dá dúró bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Dáúdà:
Ṣíà iléeṣẹ́ epo kan tí n kò ní dárúkọ wà nínú àpótí mi. Wọ́n yá dọ́là rẹpẹtẹ ra kànga nígbà tí epo wọ́n, epo já wálẹ̀, gbèsè kò já. N kò rí kọ́bọ̀ gbà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ bi àbúrò ọkọ yín pé èló ni iléeṣẹ́ náà yá láti fi ra èyí tó rà, ìgbà wo ni wọn yóò san án tán? Ẹ tún bi í pé ta ni alágbàtà. Ṣé SEC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọjà ṣíà, mọ̀ ọ́n? Ṣé orúkọ ọkọ yín ni yóò wà lórí àkáǹtì CSCS, ibi tí wọ́n ń kọ ẹni tó ni ṣíà sí? Owó ilé ìwé àwọn ìbejì kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀ rárá.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ka gbogbo rẹ̀ sétí ọkọ mi. Ó dákẹ́, ó mú bírò, ó ṣírò ti dọ́là yẹn fúnra rẹ̀ lẹ́yìn kàlẹ́ńdà, ẹ̀ẹ̀mejì. Ó ní mílíọ̀nù kan péré ni òun máa fi rà, òun fúnra òun ni yóò sì lọ bá alágbàtà ní Dùgbẹ̀. Nígbà tí a bi àbúrò rẹ̀ léèrè ti CSCS, ó ní kò sí wàhálà, kí a san gbogbo owó náà sí àkáǹtì òun ná, òun á bá wa rà á. Ọkọ mi wò mí, mo wo ilẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ti padà sí Èkó láìjẹ àmàlà tí mo rò fún un.