Ewédú etí títì: báwo la ṣe lè dín òjé inú rẹ̀ kù?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń gbìn sí àkùrọ̀ etí títì ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Iná kì í pa òjé àti cadmium, irin olóró méjì tó lè wà lára ẹ̀fọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó lè gbé díẹ̀ lára wọn lọ ni omi tí a bá dà nù. Tẹ̀tẹ̀ kò le: a ó gé gbòǹgbò rẹ̀ sọnù, a ó fọ̀ ọ́ ní omi mẹ́ta. Ọwọ́ ni ká fi máa kó ewé jáde. Bí a bá da tewé-tomi sórí asẹ́, iyanrìn ìsàlẹ̀ á tún lẹ̀ mọ́ ọn. A ó wá bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 3, a ó fún un. Eruku ara ewé ló ń bá ìfọ̀ lọ, kì í ṣe òjé tí gbòǹgbò ti fà wọnú.

Ewédú gan-an ni ìṣòro mi. Omi tí a fi sè é náà la ń jẹ. Ṣé ká kọ́kọ́ rì í sómi gbígbóná ká tó fi ìjábẹ̀ já a, àbí yíyọ̀ rẹ̀ á bá omi lọ? Káún ńkọ́, ṣé òun náà kì í ní òjé nínú? Ẹni tó bá ti dán an wò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ìwọ̀n omi àti ìṣẹ́jú tí ẹ lò.