Ìkànnì, ihò, tàbí ibodè?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí ará wa tó ń kọ ìwé sáyẹ́ǹsì fún àwọn ọmọ girama ti béèrè ohun tí a ó máa pe ion channel, ọ̀nà tí ion ń gbà la awọ sẹ́ẹ̀lì kọjá, ní Yorùbá, mo ti ka gbogbo èsì yín. Áyọ́ọ̀nù (ion, èérún kékeré tó ru agbára iná mànàmáná) kò ní wàhálà, a fi ohùn Yorùbá pè é, ó tán. Channel yẹn gan-an ló dá ìjà sílẹ̀. Àwọn kan ní ìkànnì, àwọn kan ní ihò. Ẹnì kan ṣoṣo ló dárúkọ ibodè, ẹ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín pa á. Ti onítọ̀hún ni mò ń ṣe.

Ìkànnì kò yẹ rárá. Nítorí pé orúkọ kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì fún ti tẹlifíṣọ̀n, a sáré gbé ti tẹlifíṣọ̀n wọnú sẹ́ẹ̀lì. Ta ló ń kàn sí ta níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká wojú ọmọ ká tó sọ ọ́ lórúkọ. Ọ̀rá ni awọ tó bo sẹ́ẹ̀lì, sódíọ̀mù àti kálísíọ̀mù inú omi ara kò sì lè la ọ̀rá kọjá. Púrótéènì ló ń yànà fún wọn. Mo mú ọ̀kan tí gbogbo wa mọ ìwà rẹ̀: TRPV1, ti ata. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì David Julius àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní California ló rí i ní 1997, ó sì wà lára iṣẹ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2021. Ẹ̀yà mẹ́rin tó jọra ló fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ yí ihò kan ká, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gún awọ sẹ́ẹ̀lì já lẹ́ẹ̀mẹfà, bí abẹ́rẹ́ tó ń lọ tó ń bọ̀ lára aṣọ. Nígbà tí wọ́n rí àwòrán TRPV1 ti eku kedere ní 2013, ibi méjì ni ihò náà ti ń fún, lókè àti nísàlẹ̀.

Ihò wo ló ń ní ilẹ̀kùn méjì? Ihò wo ló ń ṣa èèyàn? Nínú iyọ̀ kan náà, eléyìí á gba sódíọ̀mù, á dá klóráìdì padà. Kì í sì í dédé ṣí. Ó di ìgbà tí ooru bá kọjá nǹkan bí 43 ní ìwọ̀n Celsius, tàbí tí èròjà tó ń mú ata ta bá lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ata bá sì ti wà níbẹ̀, ooru díẹ̀ á ṣí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo jẹ àkàrà tí rodo pọ̀ nínú rẹ̀, mo wá fi ẹ̀kọ mímu lé e. Ọmọ mi ti mu tirẹ̀ láti inú ìkòkò kan náà, kò fẹnu fẹ́ ẹ. Èmi, omijé bọ́ sínú abọ́.

Ìyá wa kan ní oníbodè a máa gba owó, pé channel kì í gba nǹkan kan. Òótọ́ ni. Ibi tí áyọ́ọ̀nù ti pọ̀ ló ti ń ṣàn lọ síbi tí kò ti pọ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ìyá ní ká wá fún pump, púrótéènì tó ń fi agbára ti áyọ́ọ̀nù kọjá, ní ibodè, torí pé ìyẹn ń ná ATP kan (èròjà tí sẹ́ẹ̀lì ń ná fún agbára) láti ju sódíọ̀mù mẹ́ta síta, kó gbé pọtásíọ̀mù méjì wọlé. Ẹ má bínú, mà. Owó tí ìyẹn ń gbà kì í ṣe owó ibodè, owó aláàárù ni. Ẹrù ló ń rù gun òkè. Ẹ jẹ́ ká pe pump ní aláàárù.

Orúkọ TRPV1 fúnra rẹ̀ ló ṣì ń dà mí láàmú. Ẹnì kan ní ibodè ata. Èmi kọ́kọ́ fẹ́ ibodè títa (ẹ kíyè sí ohùn o, títà ni ti ọjà), nítorí pé atalẹ̀ àti ataare náà ń ṣí i, oró aláǹtakùn kan náà sì ń ṣí i. Ata ń ta, àkekèé ń ta, egbò ń ta. Àmọ́ iná kì í ta, jíjó ló ń jóni. Ibẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ti jù wá lọ díẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fi ń pe gbígbóná ọbẹ̀ àti títa rẹ̀.

Ibodè ata náà kò sì dúró. Ẹni tó bá ti sá ata sórí ẹní rí mọ̀ pé igi la fi ń lé adìyẹ. Yóò ṣa kóró ata náà jẹ bí ẹni ń jẹ àgbàdo, kò ní gbọn orí. TRPV1 wà lára adìyẹ, ooru sì ń ṣí i, ata ni kò mọ̀. Lára adìyẹ, ibodè ata wo nìyẹn?

Nítorí náà, nínú ìwé àwọn ọmọ, mo ní kí a kọ ibodè áyọ́ọ̀nù, kí ihò máa jẹ́ ti àárín rẹ̀ tí áyọ́ọ̀nù ń gbà, kí a sì fi TRPV1 sílẹ̀ bó ṣe wà títí ẹnì kan yóò fi rí orúkọ tó gba adìyẹ náà mọ́ra.